Nọ́ńbà Mẹ́fà

Kí Mobọ́ládé tó kọjá sí Wínípẹẹ̀gì,
a dé Sábó, lábẹ́ igi dóńgóyárò.
Alhaji Gàmbó fi itọ́ kan àtàǹpàkò, ó ka dọ́là lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Náírà tí mo gbé wá kún àpò ìrẹsì,
èyí tí mo gbà padà kò kún àtẹ́lẹwọ́.
Ìyá rẹ̀ rán díẹ̀ mọ́ etí kóòtù,
a fi díẹ̀ sí ìbọ̀sẹ̀, díẹ̀ sí àárín Bíbélì,
pé bí olè bá rí ọ̀kan, kó má rí gbogbo rẹ̀.
Káàdì dọ́là wà lọ́rùn rẹ̀ nínú àpò kékeré.

Síìmù nìkan ló fi sílẹ̀ fún mi.
"Bàbá, bí mo bá fẹ́ fi káàdì yìí rajà lọ́hùn-ún,
ìlà yìí ni báǹkì máa fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí,
ìlà yìí sì rèé, bó bá dé ọ̀hún, ó ti yadi.
Ẹ kà á sí mi létí kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé.
Ẹ má kà á fún ẹlòmíràn,
ì báà ní ọ̀gá báǹkì ló rán òun."

Èmi tí mo fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n
tẹ nọ́ńbà fún ọmọ aráyé nínú líìfù Kòkó Háòsì:
"Àjà kelòó, sà?" Wọn á dáhùn láì wojú mi,
wọn á gòkè, èmi á tún sọ̀ kalẹ̀.
Kí ni wọ́n fẹ́ fi nọ́ńbà kọ́ mi?

Alẹ́ wọn kọ́ ni alẹ́ Òkè-Bọ́lá.
Kó tó jáde níbi iṣẹ́, aago mẹ́ta òru ti lù fún wa.
Fóònù kékeré náà ń sùn nínú ife tánganran lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi,
bó bá gbọ̀n, kí ife bá a ké.
Nígbà tí iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin,
mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Mùdáṣírù onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀,
mo san igba náírà kí fóònù lè jẹun.
Bí òjò bá ṣú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sá kúrò nínú yàrá;
ẹ wá wo àgbà tó gun àga lójú fèrèsé,
tó ń pariwo sínú fóònù kejì:
"Méje. Òdo. Òdo. Mẹ́rin. Mẹ́sàn-án.
Àtíkẹ́, ṣé o gbọ́ mẹ́sàn-án?
Èjì ló kẹ́yìn!"
Ajá ilé kejì á gbó.
Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ á pa. Èmi náà á dá èémí dúró.
"Ó ti wọlé, Bàbá. Ẹ lọ sùn."

N kò ní sùn. Àlẹ́ẹ̀tì ń bọ̀ lẹ́yìn,
orúkọ ìsọ̀ àti iye owó:
ilé búrẹ́dì, dọ́là mẹ́sàn-án.
Ọkọ̀ inú ìlú.
Ìsọ̀ oníbàtà; inú mi dùn sí ìyẹn, yìnyín ti bẹ̀rẹ̀.
Láàárọ̀ ìyá rẹ̀ á bi mí pé, "Kí ló jẹ?"
bí ẹni pé èmi àti ẹ jọ jókòó sídìí tábìlì.

Lóru ọjọ́ kan nọ́ńbà dé, mo kà á.
Orúkọ tó tẹ̀lé e: ilé ìpoògùn. Dọ́là mẹ́tàlélọ́gọ́ta.
Ohùn rẹ̀ sì ti dún bí ẹni tó fi aṣọ bo imú.
"Kí lo rà?"
"Nǹkan díẹ̀ ni, Bàbá."
Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti pé.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé búrẹ́dì ni.

Nínú oṣù Èrèlé ó pè wá nírọ̀lẹ́, ara rẹ̀ yá gágá.
Báǹkì ọ̀hún ti fún un ní káàdì tiwọn;
ó kàn ń fi kan ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ á dún píì, ó parí.
Kò sí nọ́ńbà. Kò sí Òkè-Bọ́lá láàárín.
Owó etí kóòtù, ó ní òun ò tíì tú u.
"Ẹ lè pa fóònù yẹn wàyí, Bàbá, kí ẹ sinmi."
Mo ní mo ti gbọ́.

Àárọ̀ yìí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Mùdáṣírù.
"Bàbá, ṣé ọmọ yín ṣì ń fi rajà ni?"
Mo ka igba náírà lé e lọ́wọ́.
Mo ní kó jẹ́ kó kún dáadáa.